Orí Kẹrin: Adójútòfò Ẹ̀mí àti Àwọn Tí Ó Ń Jẹun Lọ́wọ́ Ẹni

Kò sí ọ̀rọ̀ tí í tètè ba ojú baálé ilé jẹ́ tó ọ̀rọ̀ adójútòfò ẹ̀mí, èyí tí ará ìgboro ń pè ní ìnṣọ́ránsì. Nítorí bí aṣojú ilé-iṣẹ́ bá ti la ẹnu pé, "Ẹ jẹ́ ká ní ọlọ́jọ́ dé," baálé á ti dáhùn pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ìyàwó rẹ̀ á sì ti fi ọwọ́ yí orí ká, á ju ibi náà nù sẹ́yìn ilé. N kò bá wọn wí, nítorí àwọn baba wa ti kọ́ wa pé a kì í fi ẹnu ara ẹni pe ikú. Ṣùgbọ́n ikú tí ń pa alágẹmọ tí ń yọ́ rìn, kí ni kí ọ̀pọ̀lọ́ tí ń jan ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó wí? Ẹni tí kò fẹ́ kí a dárúkọ ikú nínú ilé rẹ̀ náà ni ó ń dá owó ẹgbẹ́ lóṣooṣù, kí ẹgbẹ́ lè dúró tì í nígbà ìnáwó òkú, òun náà ni ó sì mọ iye tí wọ́n ń ta màlúù lọ́jà. Ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè: mo ti rí òkú tí a fi pósí olówó iyebíye sin ní ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n sì lé àwọn ọmọ rẹ̀ wálé láti ilé-ìwé nítorí owó kí oṣù náà tó parí. Ìsìnkú kọ́ ni orí ìwé yìí ń bá lọ; ohun tí ilé yóò máa jẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú kánópì ni ó ń bá lọ.

Ètò náà kò ṣòro láti yé ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń san owó díẹ̀díẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan. Ẹni tí ikú bá mú nínú wọn kí àkókò àdéhùn tó pé, ilé-iṣẹ́ náà yóò san owó ńlá fún àwọn tí olóògbé náà dárúkọ. Ẹ má ṣe pè é ní àjọ, nítorí iye tí a bá dá ni a ń kó nínú àjọ, ṣùgbọ́n nínú èyí, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ gùn kò kó nǹkan kan, kò sì yẹ kí ó dùn ún. Ní ilẹ̀ Scotland ní ọdún 1744, àwọn àlùfáà méjì kan, Robert Wallace àti Alexander Webster, jókòó ti ìṣirò iye àlùfáà tí ó ń kú lọ́dọọdún àti iye opó àti ọmọ tí wọ́n ń fi sílẹ̀, Colin Maclaurin tí í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìṣirò sì bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn opó àlùfáà. Ilé tí àlùfáà ń gbé, ti ìjọ ni. Bí ó bá ti kú, kò ní pẹ́ tí opó rẹ̀ yóò fi di ẹrù jáde. Lára gbòǹgbò adójútòfò ẹ̀mí òde òní ni ètò yẹn jẹ́, ẹ sì kíyè sí i pé àwọn tí ó dá a sílẹ̀ kò bi ara wọn léèrè iye tí ẹ̀mí ènìyàn tó. Ẹni tí yóò wà láìrílé gbé, àti iye ọdún tí yóò fi wà bẹ́ẹ̀, ni wọ́n béèrè. Ìyàwó pásítọ̀ tí ń gbé ní ilé míṣọ̀n àti ìyàwó ọlọ́pàá tí ń gbé ní bárékè ṣì wà ní ipò kan náà lónìí; ní irú ilé bẹ́ẹ̀, owó ilé ọdún mélòó kan ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kí ẹ tó kọ oúnjẹ.

Fọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́ yóò béèrè bóyá ẹ ti gbéyàwó àti iye ọmọ tí ẹ bí, àyè tí ó sì fi sílẹ̀ fún ìdáhùn kì í ju ìlà mẹ́ta lọ, nítorí pé ọkọ kan, aya kan àti ọmọ méjì ni ẹni tí ó ṣe fọ́ọ̀mù náà ń pè ní ìdílé. Tiwa kò gba inú ìlà mẹ́ta. Ẹni tí ó ń jẹun lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kà, ẹ má ka ẹni tí ó kàn ń jẹ́ orúkọ yín. Àbúrò ìyá yín tí ẹ ń fi owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́ sí lóṣooṣù wà nínú ìdílé yín bí a bá dé ibi ìṣirò yìí. Ẹ̀gbọ́n yín tí ó ní ilé mẹ́ta ní Lẹ́kí, ẹni ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí nínú rẹ̀. Òfin pàápàá kò jìnnà sí èyí: Òfin Adójútòfò ti ọdún 2003 ní Nàìjíríà, èyí tí òfin tuntun ti ọdún 2025 wá gba ipò rẹ̀, sọ ọ́ kedere pé bí ẹnì kan bá gba ìtọ́jú ẹlòmíràn sọ́rùn lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ tàbí lábẹ́ òfin Ìsìláàmù, ìbátan tí ó tó gba adójútòfò lé lórí ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú olùkọ́ kan ní Ìbàdàn mesí Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, fi ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-ìwé aládàáni ńlá kan ni ó ti ń ṣiṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦150,000, ìyàwó rẹ̀ ń ta àǹkárá ní Gbági, wọ́n bí ọmọ mẹ́ta, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún 6. Nínú owó oṣù náà, olùkọ́ fúnra rẹ̀ ń ná nǹkan bí ₦50,000 sórí ọkọ̀ wíwọ̀, oúnjẹ ọ̀sán àti ọ̀ràn ọ̀rẹ́. ₦100,000 ni ó ń dé inú ilé, ₦100,000 náà sì ni ikú yóò mú lọ. Lọ́dún kan, ó di ₦1,200,000. Títí àbíkẹ́yìn yóò fi pé ọdún 22, tí a lérò pé yóò ti jáde ní yunifásítì bí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ kò bá fà á sẹ́yìn, ọdún 16 ni, gbogbo rẹ̀ sì di ₦19,200,000. Ẹ fi gbèsè ₦800,000 tí ó jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lé e, ó di ₦20,000,000 gééré. Ẹ wá yọ ohun tí ó wà nílẹ̀ kúrò. Òfin Àtúntò Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí iye rẹ̀ má sì dín ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ náà ń gbà lọ́dún. Ti olùkọ́ wa yìí jẹ́ ₦5,400,000. Ẹ jẹ́ kí a ní ₦2,600,000 ni ó ti wà nínú àpò owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ ₦8,000,000. ₦12,000,000 tí ó kù ni ìwọ̀n adójútòfò tí ó yẹ kí ó fi owó ara rẹ̀ gbà.

Ẹ ó rí i pé n kò ka owó tí ìyàwó ń rí ní Gbági mọ́ èyí tí a yọ kúrò, nítorí pé owó yẹn ti ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ilé kí ọkọ tó kú, kò sì ní tìtorí ikú ọkọ di ìlọ́po méjì. Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni adójútòfò ti ibi iṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo agbanisíṣẹ́ ni ó ń ṣe ohun tí òfin wí, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni tí ó ń ṣe é ń parí ní ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tí wọ́n bá dá a dúró. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ti ọdún tí a wà yìí hàn yín, kí ẹ rí orúkọ yín lára rẹ̀. Bí akọ̀wé bá fajúro, ẹ fi ẹ̀rín músẹ́ bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Náírà wa kì í sì í dúró sójú kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦460. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tí ó bá gba adójútòfò ogún ọdún lónìí, tí ó ti ìwé rẹ̀ mọ́ àpótí, tí kò sì bojú wò ó mọ́, yóò fi owó tí kò ní tó ra àpò ìrẹsì mélòó kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, èyí tí a ń gbà fún ọdún kan sí ọdún márùn-ún, tí a ń sọ di ọ̀tun, tí a sì ń gbé iye rẹ̀ sókè bí ọjà bá ti ń gbówó lórí, ni mo máa ń yàn fún ìdílé tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aṣojú fẹ́ràn èyí tí ó pa owó ìfipamọ́ pọ̀ mọ́ adójútòfò, wọn a máa wí pé, "Owó yín kò ní gbé." Òótọ́ ni, kò ní gbé, ṣùgbọ́n nínú ₦10,000 tí ẹ bá san, díẹ̀ ni yóò lọ sí ọ̀nà ikú, ìyókù yóò máa sùn lọ́dọ̀ wọn fún ọdún mẹ́wàá tí iyì rẹ̀ yóò máa dín. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó pamọ́, ibi tí a ti ń fi owó pamọ́ kò wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń gba adójútòfò lé orí ọkọ nìkan, bí ẹni pé ìyàwó kì í kú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, owó ọjà ìyàwó ni ó ń san owó ilé-ìwé, ti ọkọ ń san owó ilé àti iná. Bí ìyá bá lọ, ilé-ìwé bàjẹ́. Ìyàwó tí kò tilẹ̀ ta nǹkan kan, tí ó ń jí ní agogo márùn-ún, tí ó ń múra fún ọmọ mẹ́rin, tí ó ń lọ mú wọn wálé ní agogo méjì, ẹ wá ẹni tí yóò ṣe gbogbo èyí fún owó kí ẹ wo iye tí yóò pè fún yín. Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn wà nínú àwọn ọmọ náà, tí ohun gbogbo ń jẹ́ méjì-méjì, aṣọ ilé-ìwé méjì, owó ìdánwò méjì lọ́dún kan náà, ìṣirò ọdún yẹn kì í ṣe ti ọmọ kan. Fún obìnrin ọlọ́jà, ẹ wo ọjà tí ó gbà láwìn lọ́wọ́ àwọn olówó ńlá, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, nítorí àwọn olówó náà yóò dé kí ọjọ́ mẹ́jọ tó pé. Ẹ má sì ṣe gbójú lé adójútòfò tí báńkì fi kún owó tí ó yá a: gbèsè báńkì nìkan ni irú èyí ń san, kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀ fún ọmọ.

Ìyá tí ń dá tọ́mọ, ìbáà ṣe opó tàbí ẹni tí ọkọ rẹ̀ lọ tí kò bọ̀, ni ó nílò adójútòfò jù nínú gbogbo ìdílé, òun náà sì ni aṣojú kì í kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí ọwọ́ kejì nílé. Bí kò bá lè san ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ lọ́dún, ẹ jẹ́ kí ó wá adójútòfò kékeré tí wọ́n ń tà fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà nípasẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kọ orúkọ ọmọ ọdún 9 sílẹ̀ lásán: ọmọ tí kò tíì pé 18 kò lè gba owó náà fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wá jókòó ti ọmọ ni yóò fẹ́ gbà á. Kí ó yan alágbàtọ́ kan, kí orúkọ onítọ̀hún wà nínú ìwé, kí ó sì jẹ́ ẹni tí ó ti rí i tí ó ná owó ẹlòmíràn rí tí ó sì jíhìn.

Ilé olórogún ni ọ̀rọ̀ gbé gùn jù. Bí ọkùnrin bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ọ̀nà méjì ni a máa ń pín ohun-ìní rẹ̀ nílẹ̀ wa: ìdí-igi, níbi tí aya kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ti jẹ́ ìdí kan, tí ìdí tí ó ní ọmọ kan ṣoṣo yóò gba iye kan náà pẹ̀lú ìdí tí ó ní ọmọ mẹ́rin, àti orí-ò-jorí, níbi tí a ti ń ka àwọn ọmọ ní oríkoorí. Suberu Dawodu kú ní Èkó àkéte ní ọdún 1940, ó fi aya mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ orí ohun-ìní rẹ̀ rìn láti kóòtù Èkó títí dé iwájú àwọn adájọ́ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1962 ni wọ́n sì tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà. Ọmọ tí ń fa ọmú nígbà tí baba kú ti di géńdé kí ọ̀rọ̀ tó parí. Nínú ọ̀nà méjèèjì, ẹ ó rí i pé opó fúnra rẹ̀ kò ní ìpín, nítorí nínú àṣà ìbílẹ̀ Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ. Èyí ni agbára adójútòfò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀: ẹni tí a bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ìbáà ṣe aya, ìbáà ṣe ọmọ, ni ilé-iṣẹ́ yóò wá kàn, ìpín tí a bá kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀ sì ni yóò gbà.

Ìmọ̀ràn mi fún baálé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé kí ó gba ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìdí kọ̀ọ̀kan, kí ó má kó gbogbo wọn sínú ìwé kan tí wọn yóò máa wo ìpín ara wọn níbẹ̀. Iye kò sì gbọdọ̀ jẹ́ dọ́gbadọ́gba nítorí àlàáfíà. Ìyálé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nílò ohun tí yóò fi jẹun. Ìyàwó kékeré tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ jẹ́lé-ó-sinmi nílò ọdún ogún. Kí baálé sọ ìdí rẹ̀ fún wọn nígbà tí ó wà láàyè, lójú àgbà kan, nítorí ohun tí obìnrin bá gbọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ kì í dùn ún tó èyí tí ó bá kà nínú ìwé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọmọ tí ó bí síta tí ìyálé kò mọ̀ ńkọ́? Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn: kí ó gba ìwé tirẹ̀ fún un, kí ó fi ìwé náà sọ́wọ́ ìyá ọmọ. Kí ó sì tètè ṣe é, nítorí ẹni tí ó bá ti lé ní 60 ọdún, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í gbà á mọ́, àwọn tí ó bá sì gbà á yóò béèrè owó gọbọi.

Àwọn ìdílé mìíràn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àpọ́n tí kò ní gbèsè, tí àwọn òbí rẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́ ara wọn, kò nílò adójútòfò ẹ̀mí rárá, kí aṣojú má ṣe dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n àpọ́n tí ó jẹ́ àkọ́bí, tí ó ń rán àbúrò méjì ní yunifásítì, baba ọmọ méjì ni lójú ìṣirò yìí. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọn yóò fi jáde ni kí ó gbà á fún. Tọkọtaya àgbàlagbà tí ilé jẹ́ tiwọn, tí ọmọ wọn ti tójú bọ́, lè dáwọ́ dúró. Mùsùlùmí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nítorí èlé lè wá takaful, tí NAICOM, àjọ ìjọba tí ń bójú tó adójútòfò, ti fún àwọn ilé-iṣẹ́ kan láṣẹ láti máa ṣe. Ọrẹ sínú àpò àjùmọ̀ní ni owó tí a ń dá níbẹ̀. Kí ó bi áfáà rẹ̀ bóyá ẹni tí ó dárúkọ ni ó ni owó náà tàbí ó kàn gbà á láti pín in gẹ́gẹ́ bí Kùránì ti wí.

Àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń jẹ́ ìdílé méjì pọ̀, èyí tí ó wà ní Peckham àti èyí tí ó wà ní Ìjẹ̀bú. Adójútòfò tí wọ́n gbà nítorí owó ilé tí wọ́n yá, tí iye rẹ̀ ń dín bí gbèsè ti ń dín, ń dáàbò bo ìdílé àkọ́kọ́ nìkan. Ìyá tí ń retí pọ́n-ún lóṣooṣù kò sí nínú rẹ̀, àfi kí wọ́n gba òmíràn fún un. Kí wọ́n sì fi ìwé náà sí ìkáwọ́ àwọn agbátọ́jú tí òfin mọ̀, nítorí bí owó náà bá bọ́ sínú ohun-ìní olóògbé, èyí tí ó bá ré kọjá £325,000, tí kì í sì í ṣe ti ọkọ tàbí aya, owó-orí ogún lórí rẹ̀ jẹ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí ẹ bá wá ń kọ fọ́ọ̀mù, ẹ yẹra fún ìkánjú. Ibi tí wọ́n ti béèrè àìsàn, ẹ sọ òótọ́: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, iṣẹ́ abẹ tí a ti ṣe rí, nítorí ohun tí ẹ bá fi pamọ́ lónìí ni wọn yóò fi kọ̀ fún àwọn ọmọ yín lọ́la. Ibi orúkọ, ẹ má ṣe kọ "ìyàwó mi." Mo ti rí fọ́ọ̀mù tí ọkọ kọ "Màmá Kẹ́hìndé" sí, tí obìnrin náà ń jẹ́ orúkọ baba rẹ̀ ní báńkì, tí ó ń jẹ́ orúkọ ọkọ lórí káàdì NIN, tí kò sì sí ìwé kan tí ó so orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, oṣù púpọ̀ ni ó fi ń búra ní kóòtù. Ẹ kọ orúkọ bí ó ti wà lórí NIN, lẹ́tà fún lẹ́tà. Àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ san owó sí, ẹ má san án sí ti aṣojú bí ó ti wù kí ó mọ̀ yín tó, nítorí ní Nàìjíríà, ìwé tí a kò san owó rẹ̀ kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà sọ́wọ́ ẹni tí ẹ dárúkọ, kì í ṣe àpótí yín nìkan. Nígbà tí ó bá kan gbígba owó, ìwé tí dókítà kọ nípa ohun tí ó pa olóògbé kò tó. Ilé-iṣẹ́ yóò tún béèrè ìwé ẹ̀rí ikú ti Àjọ Ètò Ìkànìyàn, káàdì ìdánimọ̀ ẹni tí ó fẹ́ gba owó, àti ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀. Kí ó kó ẹ̀dà wọn sílẹ̀, kí ó gba òǹtẹ̀ àti déètì lórí lẹ́tà tí ó fi kó wọn lọ. Bí wọ́n bá wá ń fi òní dónìí, tí wọ́n ń fi ọ̀la dọ́la, lẹ́tà olóǹtẹ̀ yẹn ni kí ó mú tọ ẹ̀ka tí ń gba ẹ̀sùn ní NAICOM lọ.